Ọmọbìnrin Inú Ìwé Tí A Gbàdúrà Fún

Ó rẹ̀ mí lọ́dún tí a bí ọ débi pé bí mo bá jókòó, iṣẹ́ ni àtidìde. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Àbígbẹ̀yìn mi ni ìyá rẹ. Ilé-ìwé girama ló wà nígbà tó lóyún rẹ, ọmọkùnrin tó fún un lóyún sì ti gba Èkó lọ kí ikùn tó yọ síta. Nígbà tó bí ọ tán, kò jáde mọ́. Bí kò bá sí nínú ilé, ẹ̀yìnkùlé ni kí o wá a lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ní Ìkọ̀lé ti ránṣẹ́ pé kí ó padà bí tọ́ọ̀mù tuntun bá wọlé, pé àyè rẹ̀ ṣì wà. Ó ní òun kò lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Màámi, ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí ni."

Mo gbọ́. Ta ni kò gbọ́ ní Odò-Orò? "Ìyá Súkúù" ni wọ́n ń pè é.

Gàrí ni mò ń ṣe nígbà náà. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti oko dé, àwa méjèèjì a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a ó máa bó o. Ìwọ a wà lẹ́yìn mi, nítorí bí a bá gbé ọ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, o máa ń ké bí ẹni tí wọ́n gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́pà obìnrin kan háyà yàrá nílé wa. Ó rí i bí ìyá rẹ ṣe dákẹ́ tó, ó sì yá a ní ìwé kan, ìwé ìtàn tí àwọn onígbàgbọ́ kọ fún àwọn ọmọbìnrin tó ń dàgbà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá rẹ á fi ojú kà á, á sì máa fi ẹnu sọ ọ́ jáde bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀gẹ́, tí ilé ń jẹ́ ulé, tí iṣẹ́ ń jẹ́ uṣẹ́.

Ẹni tó di ìwé mú kò lè di ọ̀bẹ mú. Ọjọ́ tó bá ń kàwé, èmi nìkan ló ń bó ẹ̀gẹ́. N kò bínú. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́, ó ti pẹ́ tí ohùn náà ti sọnù nínú ilé wa.

Ìwé náà sọ nípa ọmọbìnrin kan nílùú ńlá kan, tó ń kọrin nínú kwáyà. Ó ń se oúnjẹ fún àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò mọ̀ pé àdàlù ni kẹrosíìnì tí wọ́n rà. Sítóòfù bú gbàmù, iná sì jó o lójú àti lọ́rùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá fún un. Ó wá ń fi ìborùn bojú. Ó ní òun kò kọrin mọ́, òun kò sì ní fi ojú yìí wọ kíláàsì láéláé. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ kà dé tó pa ìwé dé.

Mo ní, "Ó wá padà sílé-ìwé àbí kò padà?"

"Mi ò tíì kà á débẹ̀."

"Kà á débẹ̀ nígbà náà."

"Màámi, ẹ jẹ́ n bá yín bó ẹ̀gẹ́." Ó mú ọ̀bẹ.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní kó kà á, á ní ojú ń dun òun. Tọ́ọ̀mù sì ti fẹ́ wọlé.

Ọmọ tí iná jó náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ń yan gàrí tí ooru iná fẹ́ sí mi lójú, òun ni mo máa ń rántí. Mò ń wò ó pé, ọmọ ta ni? Ṣé ó ní ìyá? Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tí àwa obìnrin pàdé fún àdúrà, tí Ìyá Ìjọ sì bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀, mo dìde.

Mo ní, "Ọmọbìnrin kan wà tí sítóòfù jó lójú. Ojú ń tì í, kò fẹ́ lọ sílé-ìwé mọ́. Ẹ bá mi fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Wọ́n gbà á bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí ọmọ náà. Ìyá Ìjọ fi orúnkún kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ké pe Ọlọ́run tó bá àwọn ọmọ Hébérù mẹ́ta rìn nínú iná ìléru. Gèlè mi rin fún òógùn. Nígbà tí mo délé, ó ṣe mí bíi pé mo ti sọ ẹrù kan kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Ìjọ wọlé tòun ti ìgò àdín. Kò tíì jókòó tí Alhaja tó ń ra gàrí lọ́wọ́ mi fi kan ilẹ̀kùn, ìgò oyin ní abíyá.

Alhaja ní, "Wọ́n ní iná jó ọmọ yín kan. Oyin rèé, ojúlówó ni. Ẹ̀sìn yín yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n iná ò mọ ìyẹn."

Ìyá Ìjọ ní, "Níbo lọmọ ọ̀hún wà gan-an? Ṣé ilé-ìwòsàn Ìdó ni wọ́n gbé e lọ? Ẹ jẹ́ ká rán nǹkan wọ̀nyí sí i."

Mo ké pe ìyá rẹ. "Wá sọ fún wọn ibi tí ọmọ yẹn ń gbé."

"Ọmọ wo, Màámi?"

"Èyí tí sítóòfù jó."

Ó wò mí. Ó wo ìgò méjèèjì. Ó dìgbà náà kó tó yé e, ni ẹ̀rín bá bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó di òpó ilẹ̀kùn mú. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tó ti lóyún rẹ.

"Màámi! Ọmọ inú ìwé? Wọn ò bí i o! Ẹnì kan ló jókòó tó rò ó, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀."

"O ń parọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Kì í ṣe irọ́. Ẹ ṣáà mú un bí àlọ́."

"Àlọ́ kẹ̀! Ìwọ ò sọ pé 'àlọ́ o', èmi ò dáhùn 'àlọ̀ọ̀'. Ọ̀sán gangan lo kà á, ta ní í pàlọ́ lọ́sàn-án? Ìjàpá ò tilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá! Jésù ni wọ́n ń dárúkọ nínú rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́. "Yéè! Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì, ẹ fi orúnkún gbàdúrà fún bébà! Èmi náà tí mo gbé oyin wá fún un ńkọ́?"

Ojú tì mí, mo kàn ń gbọn aṣọ tí kò dọ̀tí. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò àdín rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó yíjú sí ìyá rẹ.

Ó ní, "Orúnkún mi ṣì ń dùn mí látàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mi ò ní gbà pé àdúrà yẹn ṣòfò. Òkò tí a bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. A ní kí Ọlọ́run mú ọmọbìnrin kan tí ojú ń tì padà sílé-ìwé. Ojú tó jó, ojú tó ń tini, ojú kan náà ni. Ìwọ ni àdúrà yẹn bà."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ìyá rẹ. Ó wò ọ́ lẹ́yìn mi.

"Ìyá, ta ni yóò wá mú ọmọ?"

Nígbà gbogbo, ẹnu àwọn èèyàn ló ń bẹ̀rù. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó bèèrè nǹkan tí a lè dáhùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò mí. Ẹ̀yìn ń ro mí, kí n má purọ́. Mo ti pọn ọmọ títí, mo ti rò pé mo ti pọ̀n tán. Oko ń dúró, ẹ̀gẹ́ ń dúró. Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́ ti tú díẹ̀, mo dìde, mo tún un so, mo sì fún un le dáadáa.

Ìyá rẹ lọ sílé-ìwé ní ọjọ́ Ajé. Yunifọ́ọ̀mù ti fún un láyà. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀, ẹkún sì ti wú u lójú. Ó ní wọ́n kọ "Ìyá Súkúù" sára pátákó dúdú, pé òun kò padà mọ́ láé. N kò bá a jiyàn, kò sí agbára ìjiyàn lára mi. Mo gbé ọ fún un kó fún ọ lọ́mú. Ní ọjọ́ kejì, mo rí i tó ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi, ó ti wọ yunifọ́ọ̀mù. Mo pọ̀n ọ́.

Báyìí ni èmi àti ìwọ ṣe ń yan gàrí. O ta mí nípàá lẹ́yìn lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi sì kan etí agbada. Àpá rẹ̀ nìyí. Oyin Alhaja ni mo fi sí i.

Kọ́pà parí iṣẹ́ ìsìnlú rẹ̀, ó mú ìwé rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, ìyá rẹ ti di tíṣà ní Ọ̀yẹ́, ó wá kí wa, ó jókòó tì mí nídìí ẹ̀gẹ́, ó mú ọ̀bẹ.

Mo ní, "Ọmọ tí sítóòfù jó yẹn, ó padà?"

Ó ní, "Ó padà, Màámi."

N kò mọ̀ bóyá ó kà á débẹ̀ kí wọ́n tó mú ìwé lọ, tàbí òun náà jókòó, ó rò ó. Ó ti rẹ̀ mí láti máa wádìí.

Mo ní, "Àlọ̀ọ̀."