Àǹtí Méje

Ìdí ẹ̀rọ omi ni ọmọ náà ti sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ kẹta tó dé ikọ̀ wa. Mo ń bomi sójú lọ́wọ́, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tòun ti ike omi rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, fọ́tò yín wà ní pálọ̀ wa o. Ẹ̀yin àti màmá mi, lọ́jọ́ wòlímọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi tirẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ.

Ikọ̀ obìnrin tó ń fi básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù jẹun ni wá, iléeṣẹ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ló ni wá. Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí wọn ni pápá wa wà, débi pé bí fèrè iléeṣẹ́ bá dún fún àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́, àwa náà á dúró, a ó rò pé rẹfirí ló fun ún. Èmi ni balógun ikọ̀. Nọ́ńbà méje ló wà lẹ́yìn aṣọ mi. Nínú ìwé, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí. Láyé, mo ti pé márùndínlógójì.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èèyàn á lọ búra ọjọ́ orí nígbà tó wà lọ́mọdé, tí ẹnì kan sọ fún un pé ó ti dàgbà jù fún ìdíje kan, bó bá sì ti búra tán, inú ìwé yẹn ló máa gbé títí ayé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àfi nígbà tí máníjà wa, ìyá kan tí kì í gbóhùn sókè, kó wa jọ níbẹ̀rẹ̀ sáà, tó ní láti ọdún tó ń bọ̀, iléeṣẹ́ ò ní tún ìwé àdéhùn ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mi ò kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Mi ò kàwé débì kan. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rù sì bà mí.

Ẹ wá wo fọ́tò náà. Àwa ọmọ ilé kéwú tó parí Àlùkùránì ní Ìjù la jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn nínú aṣọ funfun, wàláà wà lórí itan wa. Ìyá ọmọ yìí ló jókòó tì mí. Àáfà wa kò lè rí nǹkan kó má kọ ọdún sí i lára, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ fọ́tò náà, pẹ̀lú ìǹkì pupa. Bí a bá ní ká fi ìwé mi ṣírò rẹ̀, ó yẹ kí n jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ọyàn ti yọ láyà mi.

Ohun tó tún wá ń bí mi nínú ni bó ṣe ń pè mí. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, àbúrò kì í la orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, bí ọmọdé bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí àgbà, á ní, "Àǹtí Báyìí, ẹ gbà á o," kó tó bọ̀wọ̀ tán, wọ́n ti já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A pàdánù ìdíje kan báyẹn. Ni kóòṣì bá ṣòfin pé nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ nìkan ni ká máa fi pe ara wa nínú pápá. Nọ́ńbà ò lágbà, kò lọ́mọdé. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀, ó sì rọ̀ wá lọ́rùn.

Àfi ọmọ yìí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sí mi, ohun tó pariwo ni, "Àǹtí Méje!" Gbogbo pápá dà wó fún ẹ̀rín. Kóòṣì ní kó sá yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lọ́jọ́ kejì, "Àǹtí Méje!" ló tún sọ. Mo fà á sí kọ̀rọ̀, mo ní, "Méje ni kó o máa pè mí, ṣé o gbọ́?" Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹnu mi ò gbà á ni. Bí màmá mi bá gbọ́, wọ́n á nà mí."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wọ nọ́ńbà mẹ́jọ náà dàgbà jù ú lọ dáadáa, "Mẹ́jọ" lásán ló ń pè é. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi nìkan ló ń fi àǹtí kún? Mo gbà pé ó ń ta mí lólobó ni, pé òun mọ ohun tóun mọ̀.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi mu oògùn náà ní àmujù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó di ago méjìlá, ọmọ yìí á wọ ọ́fíìsì máníjà. Kì í pẹ́ níbẹ̀. Á jáde, á rẹ́rìn-ín sí mi, á lọ. Kí ni wọ́n ń sọ? Lọ́jọ́ kan, òun àti ẹni méjì ń wo fóònù rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan sì wẹ̀yìn wò mí. Mo gba ẹ̀yìn wọn kọjá bí ẹni tó ń wá aṣọ ìnura. Fídíò ewúrẹ́ kan tó jókòó sínú ọkọ̀ èrò ni. Mo sọ fún ara mi pé ó ti yára yí fọ́tò mi kúrò lójú ẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ a ń borí o. Ikọ̀ tó bá wá bá wa, à ń nà án. Èyí tí a bá lọ bá, à ń nà án nílé rẹ̀. Ọmọ náà sì ni ìdí rẹ̀, mi ò lè purọ́. Ó mọ ibi tí màá dúró sí kí n tó débẹ̀. Ìyẹn gan-an tún fu mí lára: ta ló kọ́ ọ ní ìrìn mi? Ó ń fi bàtà tó ti lanu níwájú sáré, ó fi rọ́bà dì í, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, èyí tí iléeṣẹ́ rà ò wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ balógun ni láti bá a sọ ọ́ fún máníjà. Mo rí bàtà náà lójoojúmọ́, mo sì dákẹ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan ká gbá ìpele tó kángun sí àṣekágbá, máníjà ní kí kálukú mú ìwé ọjọ́ orí wá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀ ni. Inú mi gbóná bí iná. Mo ní ó ti tà mí.

Mo tẹ̀ lé e lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìrun, ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ afárá Ṣàngó, ó dúró láàárín àwọn tó ń ta ìbọ̀sẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin gíga kan wá bá a. Mo mọ̀ ọ́n. Inú ikọ̀ tí a fẹ́ bá gbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ gan-an ló ti ń gbá. Wọ́n dì mọ́ra, ẹni gíga náà fún ọmọ yìí ní nǹkan nínú lailọ́ọ̀nù dúdú. Èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.

Kó tó dìrọ̀lẹ́, mo ti wà níwájú kóòṣì. Mo ní ọmọ yẹn ń ta àṣírí wa fún ikọ̀ kejì, mo fojú mi rí i tí wọ́n ń fún un ní nǹkan. Bí ẹ bá bi mí bóyá mo gba ohun tí mo sọ gbọ́, màá ní mo gba ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù, mo kàn fẹ́ kó ti lọ kó tó tún la ẹnu nípa mi ni. Kóòṣì ò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Ẹnu balógun ti tó o.

Wọ́n fi í jókòó lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí a gbá ìpele yẹn. Ayò kan péré la fi borí, iṣan ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ibi tó jókòó sí náà ló ti ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo ní àṣejù ni.

Ní àṣekágbá, nọ́ńbà mẹ́jọ fi ẹsẹ̀ rọ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí. Kóòṣì wojú mi. Mo gbé ojú mi lọ sókè. Kò sí ẹlòmíràn, ni ó bá ní kí ọmọ náà wọlé. Ayò kan ni wọ́n fi ń nà wá. Ó gba bọ́ọ̀lù, ẹni méjì bò ó, mi ò sì rí ju irun orí rẹ̀ lọ, àfi ohùn tó há yẹn: "Àǹtí Méje!" Bọ́ọ̀lù náà ti wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ ọ́ sínú àwọ̀n. Fèrè dún. A gba ife. Mo sunkún, wọ́n ní ayọ̀ ni.

Ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó wá bá mi pẹ̀lú àpò ìwé kan, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ó ti pẹ́ tó ti wà nínú báàgì mi, ẹ kì í jẹ́ kí n sún mọ́ yín ni. Màmá mi ní kí n gbé e fún yín. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe yìí, kò yẹ kí ọdún yín wà lára ògiri tí gbogbo àlejò ń kà." Fọ́tò náà ni, tòun ti ìǹkì pupa.

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọ bàtà mìíràn, kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Mo béèrè ibi tó ti rí i. Ó ní ọ̀rẹ́ òun tí àwọn jọ lọ sílé ìwé ló fún òun lábẹ́ afárá, ẹsẹ̀ àwọn bára mu. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ máníjà. Wọ́n ní wọn ò ní tún ìwé àdéhùn mi ṣe, pé mò ń ta àṣírí. Mi ò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mi níbí. Máníjà fúnra wọn ló máa ń fún mi láyè láti lọ kírun Jímọ̀, wọ́n mọ̀ pé mi ò burú."

Mi ò sùn dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ gbé fọ́tò náà sórí tábìlì máníjà. Mo ní, "Ẹ wo ọdún tó wà nísàlẹ̀, mà. Èmi rèé lápá òsì." Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "O mà tín-ín-rín nígbà yẹn o." Ó dá a padà fún mi. "Ọdún kẹta rèé tó o ti ń jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n níwájú mi. Ṣé o rò pé mi ò lè kàwé ni? Torí ìwé ìrìnnà tí ẹ máa fi lọ díje lókè òkun ni mo ṣe gba ìwé ọjọ́ orí gbogbo yín. Iléeṣẹ́ ló ṣòfin ọgbọ̀n ọdún; ẹni tó bá ṣì ń sáré, èmi ò lé e."

Ibi tó yẹ kí n dúpẹ́ kí n jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo sọ ìyókù. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Irọ́ ọjọ́ orí, ara ẹ lo pa á fún. Èyí, ọmọ ọlọ́mọ lo pa á mọ́." Ó ránṣẹ́ pe ọmọ náà àti kóòṣì, ó ní kí n tún un sọ lójú wọn. Mo tún un sọ. Ọmọ náà ò sunkún. Ohun kan ló béèrè: "Torí fọ́tò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n tún ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣe, wọ́n tún tèmi náà ṣe. Nọ́ńbà mẹ́jọ di balógun, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri mi ní Ìjokò, ẹni tó bá wọlé kó kà á.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sáà tuntun, a ń ṣe ìgbaradì, ọmọ náà gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún. Ó wojú mi tààrà. "Méje!"

Kóòṣì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó ti wá mọ̀ ọ́n pè wàyí!" Bọ́ọ̀lù náà dé àyà mi gẹ́lẹ́, lásìkò, bó ṣe yẹ. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi.