Wọ́n Ní Ahun Odò Mi Ló Ń Tilẹ̀kùn Ọkọ Mọ́ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ohun tójú mi rí ní ilé bàbá mi, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bu iyọ̀ sí i. Mo gbọ́ pé ìròyìn ti dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun pé èmi Sìlífá ń bọ òrìṣà kan tó ní èékánná lẹ́yìn ilé. Òrìṣà kẹ̀! Ahun odò ni mo ń tọ́jú, bí ẹlòmíì ṣe ń tọ́jú adìẹ.

Kí n má parọ́ fún yín, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí dáadáa, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí níbí, l'Óṣogbo. Mo ti lé lógójì ọdún, mi ò sì tíì lọ́kọ. Òkè-Baálẹ̀ ni ilé bàbá mi wà, yàrá tí ìyá mi lò títí bàbá mi fi kú ni mo ń gbé. Ìyá mi ti padà sí Iléṣà, ó ń ta aṣọ níbẹ̀. Èmi nìkan ló bí.

Ìyá mi yìí gan-an ló fún mi ní ahun náà. Mo lọ kí i lásìkò òjò, àgbàrá ti kún gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, la bá rí nǹkan dúdú kan tó ń rákò bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Aládùúgbò kan ti ń gbé ìkòkò kaná! Ìyá mi ní kò sẹ́ni tó máa se é níbẹ̀ yẹn. "Mú un lọ ulé, Sìlífá," ló wí. Gbogbo ọdún tó lò l'Óṣogbo, kò yéé pe ilé ní ulé. Ó ní èmi náà á kúkú rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àwàdà ló ń ṣe, àmọ́ mo gbé e.

Ṣé ẹ ti rí ahun odò rí? Kì í ṣe ìjàpá inú àlọ́ o! Ẹ̀yìn ìjàpá ga gegele, ti ahun odò pẹlẹbẹ. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí, àyà rẹ̀ sì dà bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Awọ so àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, èékánná rẹ̀ gùn, ó sì hu irùngbọ̀n kékeré méjì sábẹ́ àgbọ̀n. Bó bá fẹ́ fi orí pamọ́, kì í fà á wọlé tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló ń ká ọrùn sí.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni àyà yẹn. Apá iwájú rẹ̀ ní híńjì bíi ti ilẹ̀kùn! Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká orí àti ẹsẹ̀ iwájú wọlé, á gbé àyà sókè, ó parí. Ẹ ò ní rí imú rẹ̀ mọ́. Mo bá sọ ọ́ ní Dárẹ́kítọ̀, torí pé a ní ọ̀gá kan lọ́fíìsì tó jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ ìró bàtà àwọn tó ń bọ̀ wá béèrè fáìlì, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.

Àṣìṣe tí ọmọ Yorùbá tó gbọ́ àlọ́ dàgbà máa ṣe ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo rò pé ahun ni ahun! Mo fi í sínú páálí gbígbẹ, mo gbé iṣu sísè àti ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀. Kò fẹnu kàn án. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ojú rẹ̀ ń jìn wọnú. Nígbà tí mo pe ìyá mi lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Ó ní ṣé orí ààtàn la ti rí i ni, àbí inú omi?

Mo bá gbé e sínú omi. Háà! Ó wẹ̀ yíká, ó yọ imú síta, ó mí, ó tún rì. Mo ju ekòló kan sí i, gbì, ó ti mì ín. Ṣé inú omi nìkan ló ti lè gbé oúnjẹ mì, mo wá ń fi iṣu lọ̀ ọ́ nínú páálí!

Láti ìgbà náà, mo ti mọ ìwà rẹ̀. Àbọ̀ dúrọ́ọ̀mù kan ló ń gbé lábẹ́ igi gúáfà ní ẹ̀yìn fèrèsé mi. Mo da ẹrẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé òkúta síbẹ̀ kó lè máa gùn ún yá oòrùn láàárọ̀, mo sì fi ojú oró díẹ̀ sójú omi kó rí abẹ́ sá pamọ́ sí. Ekòló, ìgbín wẹ́wẹ́ àti ẹja tútù pẹ̀lú eegun rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ má fún un ní ẹja oníyọ̀ o. Omi rẹ̀ tètè ń rùn, ẹni tí kò bá lè máa pààrọ̀ omi, kó má dáwọ́ lé e. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kì í sì í ṣe ológbò tẹ́ ẹ máa gbé sórí itan, bó bá bínú sí yín, òórùn tó máa tú jáde á lé yín sá.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mi ò rí i mọ́. Mo rò pé ó ti kú. Àṣé ó ti ri ara rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ni! Mo ń bu omi sí ẹrẹ̀ náà kó má gbẹ, mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Dárẹ́kítọ̀ yọ orí jáde. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, ní ẹ ò rí i, iṣẹ́ tí Sìlífá rán an ló lọ jẹ́, ó ti jíṣẹ́ dé! Gbogbo agbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Wọ́n á kó ara wọn jọ wá, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa fi igi gbá a lẹ́yìn. Òun náà á sì pa àyà dé! Ta ni kò ní tìlẹ̀kùn? Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó rí orí rẹ̀ rí.

Bàbá Kékeré wá ní bí nǹkan yẹn ṣe ń pa ara rẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti ilẹ̀kùn ọkọ mọ́ mi. Mo bi í léèrè pé ọdún tó kọjá ni mo gbé ahun dé, ta ló ń tì í ní gbogbo ọdún tó ṣáájú? Ó ní mo ń fún òun lésì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mùfútáù ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó, yàrá ni wọ́n ń wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé ẹbí ní pálọ̀. Bàbá Kékeré ṣe bísímílàì, ó ní àwọn àgbà ní ilé ahun ò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò, èmi wá gbé ahun wá sílé tí ilé kò fi gba ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní ẹbí ti fẹnu kò: kí n lọ da ẹranko náà nù, kí n kó lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Iléṣà kí wọ́n bá mi ṣe àdúà, kí Mùfútáù sì máa lo yàrá náà fún ìgbà díẹ̀.

Fún ìgbà díẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹbí ti sọ bẹ́ẹ̀ fún rí, ṣé ìgbà díẹ̀ náà ti parí?

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo mú ekòló dání, mo gbé Dárẹ́kítọ̀ sínú bàsíà omi, mo sì gbé e kalẹ̀ láàárín pálọ̀. Ariwo sọ! Subúhánà ń dún lọ́tùn-ún, mo gbé ń dún lósì. Mùfútáù ti gun orí àga.

Ìjẹ̀ṣà ló bí mi, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Àwọn bàbá ìyá mi ló ń ta aṣọ láwìn kiri, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè, wọn ò ní dìde títí á fi san án. Òṣómàáló! Èmi náà lóṣòó ti bàsíà mi. Mo ní mi ò ní dìde títí ẹranko yìí á fi ṣílẹ̀kùn, kò sì ní ṣí i títí wọn á fi dákẹ́.

Wọn ò kọ́kọ́ dákẹ́. Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló wá fọ̀pá nàlẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo nǹkan. Pálọ̀ wá pa lọ́lọ́. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mi ò mira.

Àyà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Imú yọ. Orí tẹ̀ lé e, ó na ọrùn gbọọrọ, ó ń wo Bàbá Kékeré. Mo ju ekòló sí i, ó gbé e mì lójú gbogbo wọn.

"Ó ń jẹun!" Màmá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ ní kì í ṣí rèé? Ariwo yín ló ń sá fún!"

Mo wá sọ̀rọ̀ láìdìde. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Kékeré, bàbá mi lẹ jẹ́. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀yin lẹ jókòó, tẹ́ ẹ pín ilé yìí sí ìdí-igi mẹ́ta, torí pé ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́. Yàrá yìí ló kan ìdí-igi ìyá mi. Bí ọmọ bá pé mẹ́wàá nídìí igi kan, ìdí-igi kan ni. Bó bá ṣe Sìlífá nìkan ló wà nídìí òmíràn, ìdí-igi kan náà ni. Ẹ ò pín in fún ọkọ mi nígbà yẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bi mí léèrè ọkọ báyìí?"

Ó fò dìde. Ó ní ilé ọkọ ni ilé obìnrin, pé ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ kò gbọdọ̀ máa ṣe olórí nílé bàbá rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti ṣìwí. Màmá Àgbà yíjú sí i wẹ́rẹ́.

"Nọ́síírù," ó pe orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í pè é mọ́, "èmi ńkọ́? Mo ti ilé ọkọ padà síhìn-ín kí o tó níyàwó. Ta ló ń se oúnjẹ fún ọ? Ta ló tọ́jú ìyá wa títí ó fi kú? Bó o bá fẹ́ lé Sìlífá, wá bá mi di ẹrù tèmi náà, ká jọ máa lọ."

Bàbá Kékeré jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí ẹnì kan ṣe àdúà, ká túká. Ìpàdé parí nìyẹn.

Kò tọrọ àforíjì títí di òní. Ó tún yàrá kan ṣe ní apá ilé tirẹ̀, Mùfútáù ti gbéyàwó síbẹ̀, ìyàwó náà sì ti ń wá wo Dárẹ́kítọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Láràárọ̀, mo ń kúnlẹ̀ kí Bàbá Kékeré. Nígbà míì ó ń dáhùn, nígbà míì kì í dáhùn. Mo sì ń kí i sókè ketekete, torí ọmọ ilé ni mí, ọmọ ilé ló ń kí àgbà ilé.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́? Bí ẹbí bá dédé ní ẹranko yín, aṣọ yín tàbí àìlọ́kọ yín ló ń da ilé rú, ẹ má tíì sunkún, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ojú wọn ń lọ. Ẹ̀yin obìnrin tó wà nílé bàbá yín, ẹ lọ béèrè ìdí-igi yín nígbà tí àwọn tó pín in ṣì wà láyé. Ẹ má fi ìtìjú gbé ẹ̀tọ́ yín fún ẹnikẹ́ni.

Ta ni wọ́n ti ní kó jáde nínú yín rí? Kí lẹ sọ fún wọn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ fojú rí Dárẹ́kítọ̀, kó mú ekòló dání, kó sì rọra sọ̀rọ̀. Mo wà nílé.