Òṣùmàrè Ojú Odò Àánú

Kò sí ẹni tó ń lọ sí ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ìlú Ìbà tí kò mọ Mojíbọ́lá. Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń bu omi àkọ́kọ́ ní Odò Àánú, odò kékeré tí ìjọ náà yà sí mímọ́ láti ayé àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀. O lè ti Inísà wá, o lè ti Òkukù wá, kẹ́ẹ̀gì rẹ ì báà tóbi tó àgbá, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi títí Ìyá Olómi yóò fi kúnlẹ̀ gbàdúrà, tí yóò sì bu tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ ọn nínú. Ká má purọ́, ó máa ń fi ṣe fáàrí díẹ̀ náà. Bí ẹnìkan bá ń kánjú, ìgbà yẹn gan-an ni àdúrà rẹ̀ ń gùn sí i.

Ìyìnolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jẹ́ tíṣà ní Ìkìrun. Ó wá ọmọ títí tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú. Omi Odò Àánú ni ìyá rẹ̀ ń gbé lọ fún un, ó ń mu, ó ń fi wẹ̀. Nígbà tó wá bí Dúpẹ́olúwa, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe omi náà ló ṣiṣẹ́?

Ọdún tí wọ́n bí ọmọ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ pápá ọkọ̀ òfuurufú orí òkè lójú. Pápá kékeré tí koríko bò ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé igbó ìdí rẹ̀ lulẹ̀, wọ́n da kọnkéré bo ilẹ̀ tó máa ń fa òjò mu, wọ́n sì la gọ́tà ńlá kan tó dojú kọ àfonífojì. Àfonífojì yẹn ni Odò Àánú wà.

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, odò kò rọra kún bó ṣe máa ń kún. Ṣe ni omi já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó pupa, ó sì gbé bèbè lọ. Nígbà tó fà, Mojíbọ́lá kíyè sí i pé ibẹ̀ dákẹ́ jù. Kò gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́. Kò rí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó máa ń já a lẹ́sẹ̀ jẹ bó bá ti wọnú omi. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè, kò sí ẹnì kankan.

Lẹ́yìn òjò mìíràn, àwọ̀ oríṣiríṣi tẹ́ sójú omi, ó ń yí, ó ń dán. Wòlíì Tímótì, olórí ìjọ, kúnlẹ̀ létí odò, ó bú sẹ́kún.

“Òṣùmàrè! Májẹ̀mú tí Ọlọ́run bá Nóà dá rèé, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú omi wa!”

Ìjọ hó yèè. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé Inísà àti Òkukù, tí èrò ń wọ́ wá. Mojíbọ́lá náà kígbe halelúyà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi bu omi náà ń rùn. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ṣì ń rùn. Òórùn epo dísù ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ ogbó ló ń da òun nímú rú. Wòlíì rí òṣùmàrè, ta wá ni òun tí yóò gbóòórùn epo? Ó gbé omi lọ fún Ìyìnolúwa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kò parí tí wọ́n fi pè é pé Dúpẹ́olúwa ń bì, ó ń yàgbẹ́, ó ti wà ní ọsibítù. Ọ̀kadà ló gbé e dé Ìkìrun. Ó bá ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, dírípù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

“Irú omi wo lọmọ yìí ń mu?” Dókítà ló bèèrè.

“Omi tó dáa ni, sà,” Ìyìnolúwa yára dáhùn.

Mojíbọ́lá rọra jáde.

Láti ibẹ̀, kò yà sílé. Odò ló lọ tààrà, ó tọ ipa omi gòkè títí ó fi dé ẹnu gọ́tà pápá ọkọ̀ òfuurufú. Òṣìṣẹ́ kan ń ṣan epo ara katakata, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ lórí kọnkéré, àwọ̀ tí Wòlíì sunkún sí sì wà lójú rẹ̀ kedere.

“Ọmọ mi, níbo lomi yìí ń lọ?”

“Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, Màmá. Igbó ni, kò séèyàn níbẹ̀.”

Kò séèyàn! Ọ̀rọ̀ yẹn bá a rìn délé, kò sì fi í sílẹ̀. Bó bá ti dijú, ètè ọmọ yẹn ló ń rí, tí àwọ̀ náà ń dán lórí rẹ̀. Bó bá bu omi ẹ̀rọ sínú ife, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, síbẹ̀ kò ní lè mu ún.

Ọlọ́run ṣàánú, ara Dúpẹ́olúwa yá. Mojíbọ́lá fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ gbogbo ohun tó rí fún un. Ìyìnolúwa rẹ́rìn-ín, ó fa ìgò omi Odò Àánú kékeré kan yọ nínú báàgì.

“Màmá, òun náà ni mo ń tọ́ sí i lẹ́nu bí nọ́ọ̀sì bá ti kẹ̀yìn báyìí. Òun ló jí ọmọ mi.”

“Epo ni! Mo fojú ara mi rí i!”

“Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé n ò gbọdọ̀ ṣiyèméjì?”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyìnolúwa jẹ́rìí nínú ìjọ, gbogbo èrò sì tú dà sí odò. Mojíbọ́lá ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ó jókòó sí bèbè, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

“N ò ní bu ú lónìí. Ẹ má mu ún, ẹ má fún ọmọ yín mu. Epo ni wọ́n ń dà sí i láti èápọ́ọ̀tù.”

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo omi. Òfin dè wọ́n lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn, ọkàn obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Wòlíì Tímótì kò bínú rárá. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀.

“Ó ti rẹ Ìyá Olómi. Wọ́n ti ṣiṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn gbà á lọ́wọ́ wọn.”

Ìyìnolúwa jáde láàárín èrò, Dúpẹ́olúwa wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti sùn. Mojíbọ́lá di ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mú.

“Mo bẹ̀ ọ́. Nítorí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ.”

“Nítorí rẹ̀ náà ni, Màmá.”

Ó rọra já aṣọ rẹ̀ gbà. Ó kúnlẹ̀, ó gba àdúrà tí ìyá rẹ̀ máa ń gbà, kò fo ọ̀rọ̀ kan, ó sì bu omi. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin tó ti Òkukù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì wọn.