Ọ̀ta Ayò Ìfọ̀nyìn

Ẹnu àbúrò ìyá mi kì í dákẹ́ nídìí ayò. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe ní Ìfọ̀nyìn láyé rẹfolusíọ̀n, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáràdì, ṣùgbọ́n kò sóhun tí kì í dá sí. Ó ní sinimá Íńdíà tí òun wò ní Àjàṣẹ́ dára ju ti Ṣáínà lọ, torí pé wọ́n mọ ẹkún sun. Kúlíkúlí tí kò bá sì ró lẹ́nu, ó ní ká gbé e fún ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo àdúgbò ń yẹ ọ̀nà ilé ìwé, dèlègé, aṣojú ìjọba ládùúgbò wa, bá a nídìí ọpọ́n.

“Kámáràdì, kí ló dé tí o ò wá síṣẹ́ ìlú?”

“Ẹ jókòó, kámáràdì. Bí ẹ bá lè nà mí láyò, èmi nìkan ni n ó yẹ èyí tó kù.”

Dèlègé jókòó, ó sì nà án lẹ́ẹ̀mẹta léraléra.

Ọjọ́ méjì gbáko ni àbúrò ìyá mi fi yẹ ọ̀nà náà, tó ń kọrin. Láti ìgbà náà, kò bá ẹlòmíràn tayò mọ́, àfi kí dèlègé tibi iṣẹ́ dé.