Òórùn Epo Bíréèkì

Fítà tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe ní Kaneshie ṣí epo bíréèkì, òórùn rẹ̀ sì dá mi padà sí ọ̀sán kan ní Mamobi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù bíréèkì, èmi sì wà nínú ọkọ̀, mò ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì.

"Bàbá Rámátù, ẹ gbé e fún fítà," ni ìyá mi wí.

"Owó iṣẹ́ fítà á ra táyà méjì. Rámátù, má gbẹ́sẹ̀ o."

Ó ti rẹ̀ mí. Mo gbẹ́sẹ̀ díẹ̀. "Mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

Nírọ̀lẹ́, bíréèkì kò mú, a já sí gọ́tà, ẹsẹ̀ Bàbá sì kán. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí mo gbé ló jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù.

"Ẹ bá mi tẹ bíréèkì, Màmá, kí owó iṣẹ́ lè dín," ni fítà Kaneshie wí fún mi.

Mo san gbogbo owó tó pè, mo sì lọ jókòó sí òdìkejì títì.