Ìlà Ẹfun Lára Àpáta Ọ̀kà

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kán sórí àpáta gbígbóná, tí òórùn rẹ̀ gba imú mi, ọkàn mi a padà sórí òkè Ọ̀kà, lọ́dún tí wọ́n gbé mi níyàwó láti Ìkàrẹ́, tí àwọn ọkùnrin ń la ọ̀nà òyìnbó nísàlẹ̀.

Kòtò kan wà nínú àpáta lẹ́yìn ilé ọkọ mi, tí omi òjò máa ń kún inú rẹ̀. Èèwọ̀ ni omi rẹ̀, àfi tí ìsun bá gbẹ. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣọ́ ọ. Ó fi ẹfun fa ìlà síbi tí omi dé, ó lọ sí Ugbe láti kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló dé, omi ti jìnnà sí ìlà.

"Ta ló bu omi mi?"

Ìyálé mi ò jẹ́ kó sinmi. "Ta ni ìbá tún jẹ́? Ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń fi omi ṣeré ni!"

"Kó di ẹrù rẹ̀, kó padà sí Ìkàrẹ́," ni ìyá wí.

Ta ni yóò fẹ́ ìyàwó tí wọ́n lé padà nítorí olè? Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ fa ìlà mìíràn, kí ẹ fúnra yín jókòó tì í di ọ̀la."

Ó jókòó tì í. Lọ́jọ́ kejì omi ti fi ìka méjì sọ̀kalẹ̀, igbá kankan ò sì kàn án. Ọyẹ́ ló ń mu ún.

"Ọjọ́ kan nìyẹn," ni ìyálé wí. "Ìyókù ńkọ́?"

Mo gbé ìka méjì lé ìlà àná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lọ sókè, ìka méjì fún ọjọ́ kan tí mo bá padà sẹ́yìn.

Ìyálé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó! Omi ń sọ̀kalẹ̀, òun ń gòkè!"

"Ẹ̀yìn ni mò ń lọ, ìyálé mi. Ẹni tó ń dá ọjọ́ padà, ohun tí ọjọ́ gbé lọ ló ń gbà."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìka mi kan ẹfun ìlà tí ìyá fà kó tó lọ Ugbe, ìka náà sì funfun. Ìyá fi etí ìró rẹ̀ nù ún fún mi. "Tú ẹrù rẹ, ọmọ mi."

Nígbà tí ìyá sùn, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ jogún oko, àwọn ọmọbìnrin jogún aṣọ. Èmi ni wọ́n gbé ẹfun fún, kí n máa ṣọ́ omi. Lọ́jọ́ kan ọmọ-ọmọ mi ti ilé-ìwé dé, ó ń sunkún: olùkọ́ ìṣirò ní àdínkù lọ́nà àdínkù, àlékún ni, kò sì yé e. Mo mú un lọ sẹ́bàá kòtò, mo ní kó fi ìka wọn ọjọ́ padà sẹ́yìn bí mo ti ṣe: omi ń dín, ọjọ́ ń dín, ìka rẹ̀ sì ń gòkè. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹfun náà wà báyìí.