Ọwọ́ Tó Bó Ìwé Kejì

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, wọ́n fi mílíọ̀nù mẹ́ta kún iye bọ́ọ̀sì funfun elérò mẹ́rìnlá kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ìwé iye tuntun náà mọ́ gíláàsì. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, bàbá mi fi irin fọ́ ọwọ́ yẹn.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo èèyàn ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò ní ìgbànú rẹ̀. Bó bá ń bọ̀, etí á ti gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Ìyá mi máa ń sọ pé bí òun bá kú, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun sún mọ́ sàréè, ariwo rẹ̀ á jí òun dìde. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ nígbà tó wọ ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tuntun yẹn láti máa fọ ọkọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Bí ọkọ̀ bá dé, á bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ pátákó tó wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Ìṣó méjìlá ló wà lára pátákó náà, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tó ti san àsansílẹ̀ bá ṣe tò lórí ìlà ni kọ́kọ́rọ́ wọn ṣe ń tò lórí ìṣó. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pátákó yẹn àfi òun. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá dé, á fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó ìwé iye ọkọ̀ kúrò lára gíláàsì níṣojú ẹni náà, á wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bí a bá yọ ẹyọ kan ní ọdún kejì, kò sí gíláàsì kan tó ti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde tí lẹ́ẹ̀mọ́ ṣẹ́kù lára rẹ̀.

Wọ́n jó o ni kó tó mọ iṣẹ́ yẹn. Ní ọdún kejì tó débẹ̀, bàbá tó ni ọgbà náà rí ìwé tí kò ju èékánná lọ lára gíláàsì ọkọ̀ oníbàárà ńlá kan. Kò bá a wí. Ó di ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ páìpù tí èéfín ń gbà jáde lẹ́yìn ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ó sì ń kà láti oókan. Nígbà tó ka àrùn-ún, ó fi í sílẹ̀. Awọ ọwọ́ ò bá ọwọ́ wá. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ a máa fi ìtàn yìí pa wá lẹ́rìn-ín. Á na àtẹ́lẹwọ́ tó ti dán bí ike sí mi, á ní, “Ìwọ lọ yunifásítì. Ibi tí èmi ti gboyè rèé.”

Bàbá yẹn kú, ọmọ rẹ̀ gba ọgbà. Ẹ̀rín-kò-dénú ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Kì í jó èèyàn. Ó gba aṣọ́gbà mẹ́ta láti máa bá a ṣe ìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yà kékeré kan tí kò tó èékánná, tí ọkọ̀ òde òní ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, di ọ̀wọ́n káàkiri ayé. Ọgbà tó ń gba ọgbọ̀n ọkọ̀ lóṣù wá ń gba mẹ́rin. Ẹ̀rín-kò-dénú tẹ ìwé kejì. Funfun ni ti àwọn tó ṣe ọkọ̀, àwọ̀ ìyeyè ni tirẹ̀. “Àfikún Ìgbà Ọ̀wọ́n” ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, iye tó bá sì wù ú ló ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló ń lẹ̀ ẹ́. Kó má baà ṣi kọ́kọ́rọ́ gbé fún ẹlòmíràn, ó máa ń fi bírò kọ nọ́ńbà ìṣó àti orúkọ ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ ìwé ìyeyè. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Obìnrin kan wo ìwé méjèèjì lára ọkọ̀ kan, ó béèrè bóyá ọkọ̀ náà lóyún ni, tí iye rẹ̀ fi di méjì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Aṣọ́gbà kan gbá a létí, yẹtí rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin méjì dìmú lórí ọkọ̀ pupa kékeré kan, ọ̀kan gé etí èkejì jẹ. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbẹ, Ẹ̀rín-kò-dénú ti fi ìdajì mílíọ̀nù kún iye rẹ̀. Ó ní bí àwọn èèyàn bá lè tìtorí ọkọ̀ jẹ etí ara wọn, á jẹ́ pé òun ń tà á ní ọ̀pọ̀ ni.

Bàbá mi wà lórí ìlà yẹn láti oṣù kọkànlá. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike. Ní oṣù kìíní, iléeṣẹ́ náà kọ̀wé sí gbogbo awakọ̀ wọn pé bọ́ọ̀sì tó bá ti ju ọdún méje lọ ò ní gbé òṣìṣẹ́ àwọn mọ́ bó bá di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Bọ́ọ̀sì bàbá mi ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí kò bá rí tuntun gbà kí oṣù kẹta tó parí, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, òun la sì ń jẹ nílé.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ pe bàbá mi. Ó ní, “Àna mi, kọ́kọ́rọ́ ẹ ti wà lórí ìṣó kẹta. Ohun tó bá ti gun ìṣó lọ́dọ̀ mi, ó ti ní olówó. Ta àlòkù yẹn.”

Bàbá mi ta bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ọjọ́ kejì sí i, nítorí pé owó rẹ̀ ló fẹ́ fi kún àsansílẹ̀ kí owó bọ́ọ̀sì tuntun lè pé. Sípánà tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sílé, torí ọwọ́ aládùúgbò kan tó yá a ló wà nígbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ, ó sì ti dá a padà.

Lẹ́yìn náà ni mílíọ̀nù mẹ́ta dé. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lẹ̀ ẹ́, ó kọ “ìṣó kẹta” àti orúkọ bàbá mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi pa ẹnu mọ́. Ó jẹun nílé wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, ó ní òun rò pé Ọ̀gá máa yọ àfikún náà nítorí òun. Mo béèrè ìgbà wo ni Ọ̀gá yọ ohunkóhun nítorí rẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ọkùnrin kan dé, ó san gbogbo iye tó wà lórí ìwé méjèèjì. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mú omi gbígbóná àti abẹ rẹ̀ wá, ó bó ìwé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ ìṣó kẹta fún un.

Bàbá mi dé lọ́sàn-án, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ó rí ìṣó kẹta lófìfo.

“Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ mi dà?”

“Wọ́n ti gbé e lọ láàárọ̀.”

“Ta ló gbé e fún wọn?”

“Èmi ni.”

Ẹ̀rín-kò-dénú jáde láti ọ́fíìsì. Ó ní òun kọ́ ló bí ọ̀wọ́n. Bàbá mi ní kò síbi tí òun ń lọ, àfi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Aṣọ́gbà kan tì í láti orí àtẹ̀gùn, ó fi àgbọ̀n gbálẹ̀. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé. Wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn, ó padà dé pẹ̀lú sípánà.

Gíláàsì ọkọ̀ mẹ́rin ló kọ́kọ́ fọ́, ó ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ owó oṣù. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí pátákó kọ́kọ́rọ́. Ó gbé irin sókè. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ na ọwọ́ ọ̀tún bo pátákó. Bó bá jẹ́ orí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ni bàbá mi fẹ́ fọ́, mi ò rò pé ì bá tètè na ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Irin bà á. Àwọn dókítà ka egungun mẹ́sàn-án tó fọ́ nínú ìka mẹ́rin. Ìṣó kẹta gba àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yọ.

Bàbá mi sọ irin sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ náà nígbà tí àwọn aṣọ́gbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé. Wọ́n fi bàtà yọ eyín méjì lẹ́nu rẹ̀, wọ́n kán egungun ìhà rẹ̀ kan. Ó ti juwọ́ sílẹ̀ tipẹ́, wọn ò ṣíwọ́. Bàbá Kọ́kọ́rọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó, ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rín-kò-dénú ní kí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ rọra, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má ta gba ojú gíláàsì tó fọ́ sórí àga ọkọ̀.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n fi kan bàbá mi: ó fọ́ ọkọ̀, ó ṣe èèyàn léṣe, ó gbé ohun ìjà wá jí ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó gba méjì àkọ́kọ́. A ò sẹ́ wọn, a ò sì bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín-kò-dénú búra pé kò sí ọkọ̀ kankan tó jẹ́ ti bàbá mi rí nínú ọgbà òun, pé àsansílẹ̀ tó san kàn jẹ́ láti dúró lórí ìlà. Kò sí nọ́ńbà ọkọ̀ lórí ìwé àsansílẹ̀ náà.

Ìyá mi ń gbé oúnjẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láàárọ̀, ó ń gbé e lọ sí ọsibítù ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní, “Ọkọ mi fọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi fọ́ ilé mi. Ta ni kí n kọ́kọ́ bù fún?” Ẹ̀rín-kò-dénú náà lọ sí ọsibítù. Ó ní òun á sanwó iṣẹ́ abẹ bí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́rìí pé àna rẹ̀ wá jalè. Kò gbà. Owó ò tètè dé, wọ́n gé ìka méjì.

Ní oṣù karùn-ún, ó jẹ́rìí sí òtítọ́. Ó ní òun kọ orúkọ bàbá mi sí ìsàlẹ̀ ìwé ìyeyè. Agbẹjọ́rò Ẹ̀rín-kò-dénú béèrè ibi tí ìwé náà wà. Ó ní òun bó o, ó yòrò sínú omi. Agbẹjọ́rò béèrè bóyá kò sí ohun tó ṣẹ́kù rárá.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀. “N kì í fi àpá sílẹ̀,” ló wí.

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì dárí jì í. Adájọ́ sún ẹjọ́ sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ó ní ká mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀rí kan wà, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló wá rántí rẹ̀ lẹ́yìn tí a kúrò ní kóòtù. Ìwọ tó ra bọ́ọ̀sì náà, Ẹ̀rín-kò-dénú mọ orúkọ rẹ, kò sì ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bó ìwé, o ní kí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dúró ná tòun ti abẹ lọ́wọ́, kí ìyàwó rẹ ya àwòrán rẹ. O fi ìgúnpá ti gíláàsì. Ìwé ìyeyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá rẹ, orúkọ bàbá mi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò ní kí o dá ọkọ̀ padà. Ṣí fóònù rẹ. Wá àwòrán ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Gbé e wá sí kóòtù kí ọjọ́ kẹsàn-án tó pé.